Bí ẹ ṣe lè fi irúgbìn abolẹ̀ àti pípààrọ̀ ohun ọ̀gbìn gba oko yín lọ́wọ́ koríko

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń dáko láti Òṣogbo títí dé Ìlobùú, tàbí lọ́nà Ìbòkun, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín: lébìrà ti wọ́n, oògùn koríko ti gbówó lórí, koríko ò sì dẹ̀yìn. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo ń dá lẹ́yìn Ọ̀kínní. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn, Ọjà Ọba ni mo sì ń kó wọn lọ. Ọ̀nà tí mo ń gbà lo ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀, pàápàá irúgbìn abolẹ̀, ìyẹn èyí tí ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀, láti fi lé koríko ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ó ń dùn mí tí mo bá rí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n fi ilẹ̀ rere sílẹ̀ fún koríko ẹ̀kan, tí wọ́n ní ilẹ̀ náà ti kú. Ilẹ̀ náà ò kú. Oòrùn ló ń rí i jù. Tí ewé bá bo oko láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí ọyẹ́ fi dé, tí ohun tó ń bò ó sì ń yí padà lọ́dọọdún, koríko ò ní ráyè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ koríko tí ẹ ń bá jà

Ẹ rìn yíká oko yín ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí koríko bá ti yọ òdòdó, tí ó sì rọrùn láti dá wọn mọ̀. Àwọn kan ń ti inú èso hù lọ́dọọdún: imí eṣú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, gbági àti irú wọn. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún èso, èso náà kéré, á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhù. Ìgbà tí a bá fi ọkọ́ yí ilẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kan èso yìí, ló máa ń hù. Ìdí nìyí tí oko tí a ro lónìí fi máa ń tutù yọ̀yọ̀ pẹ̀lú koríko tuntun kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé tí òjò bá rọ̀. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n má so. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ fà á tu nígbà tó bá ń yọ òdòdó, àní tí ohun ọ̀gbìn bá ti kúrò nínú oko pàápàá.

Irú kejì ń ti inú gbòǹgbò tàbí ara igi rẹ̀ hù. Ọ̀gá wọn ni ẹ̀kan, èyí tí ewé rẹ̀ gùn tó sì mú, tí orí rẹ̀ máa ń funfun bí òwú nígbà tó bá tanná, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń gún iṣu láàárín. Tí ẹ bá gé gbòǹgbò ẹ̀kan sí mẹ́wàá, tí ojú kọ̀ọ̀kan sì kù lára rẹ̀, ẹ ti gbin ẹ̀kan mẹ́wàá nìyẹn. Ìdí rèé tí fífi tirakitọ̀ yí ilẹ̀ ẹ̀kan nígbà òjò, láìfi nǹkan bò ó lẹ́yìn náà, fi máa ń mú kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí: kò lè fara da òjìji. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ nípa mùkúnà, irúgbìn abolẹ̀ kan tó ń rá, dá lórí èyí.

Gọ̀dọ̀gbọ̀dọ̀ náà wà nínú irú kejì, òun sì fẹ́ràn ibi tútù, kò bẹ̀rù òjìji. Irúgbìn abolẹ̀ ò ní bá yín pa á. Ọwọ́ la fi ń fà á, a ó sì kó o kúrò nínú oko pátápátá, torí èyí tí a bá gé tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù á tún ta gbòǹgbò.

Ìyípo ọdún mẹ́rin

Tí ẹ bá ń gbin àgbàdo sójú kan náà lọ́dọọdún, ìgbà kan náà lẹ máa ń ro ó, ọkọ́ kan náà lẹ fi ń ro ó, ìgbà kan náà lẹ sì ń fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Koríko tí ìgbà yẹn bá lára mu ló máa kù, òun ló máa so, òun ló sì máa gba oko. Pípààrọ̀ ohun ọ̀gbìn ń da ètò náà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣu ní kí a kọ ebè, ilẹ̀ á sì yí padà. Àgbàdo ní kí a ro láàárín poro. Ẹ̀wà ń bo ilẹ̀ kíákíá, kì í sì pẹ́ tó fi kúrò. Ẹ̀gẹ́ á ṣíji bo ilẹ̀ fún oṣù tó gùn. Koríko tí ọ̀kan nínú wọn bá gbà láàyè, èkejì á gbàyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn baba wa ò ṣàì mọ èyí. Tí wọ́n bá ṣán igbó tuntun, iṣu ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú ègúsí lórí ebè. Àgbàdo á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń kẹ́yìn, wọ́n á wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó fún ọdún púpọ̀. Ìsinmi ọdún púpọ̀ yẹn ni agbára wa ò ká mọ́, pàápàá báyìí tí ilé ń sún mọ́ oko láti Òṣogbo. Irúgbìn abolẹ̀ la fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi éékà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí apá kọ̀ọ̀kan wà ní ọdún tirẹ̀ nínú ìyípo, kí ẹ lè ní iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ lọ́dọọdún. Ní apá kan, bí yóò ṣe máa lọ rèé. Ọdún kìíní, àgbàdo àkọ́rọ̀, kí mùkúnà wọlé sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọdún kejì, iṣu pẹ̀lú ègúsí, torí ìgbà yẹn ni ilẹ̀ lágbára jù, ẹ̀kan ò sì ní gún iṣu mọ́. Ọdún kẹta, àgbàdo ní àkọ́rọ̀, ẹ̀wà ní àrọ̀kúrò. Ọdún kẹrin, ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ègúsí láàárín rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá wu ẹ̀gẹ́ tán, ẹ padà sí ti ọdún kìíní.

Bí ilẹ̀ yín bá ti kún fún ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, ẹ fi mùkúnà bẹ̀rẹ̀ ní apá tó burú jù, láìsí àgbàdo lórí rẹ̀ rárá.

Ẹ tún fi ìgbà tí koríko máa ń ṣèpalára jù sọ́kàn, kí ẹ má baà náwó lébìrà síbi tí kò wúlò. Fún àgbàdo, láti bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà ni. Fún ẹ̀wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Fún ẹ̀gẹ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, torí kì í tètè fẹ ewé. Iṣu ń fẹ́ ìtọ́jú tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Koríko tó bá hù lẹ́yìn àsìkò yìí kì í dín ìkórè kù púpọ̀ mọ́. Kí ó má so ni ẹ máa ṣọ́.

Mùkúnà

Ẹ̀wà kan ni mùkúnà, ó ń rá, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń bo ilẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí yẹ̀pẹ̀. Mọ̀lẹ́bí yèrèpè ni, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn. Nígbà tí mo gbé e wá sóko, bàbá tí oko wa jọ pààlà dúró sí ààlà, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé yèrèpè lo fẹ́ gbìn sí wa lára?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án wò.” Mo já èpo kan fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ pa á, kò yún wọn. Èpo yèrèpè inú igbó ní irun pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń yúnni, ti mùkúnà tí a ń gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ oko rẹ̀. Ẹ ní kó fi èpo rẹ̀ hàn yín. Irúgbìn náà tóbi ju ẹ̀wà tí a ń sè lọ. Dúdú wà, funfun wà, èyí tó ní tótòtó náà wà.

Ní Ìbàdàn, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó pọ̀ lórí irúgbìn abolẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mùkúnà sínú àgbàdo. Ajílẹ̀ ni àwọn tó gbé e wá fẹ́ kí wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé ó ń pa ẹ̀kan, nítorí ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe gbà á.

Bí ẹ ṣe máa gbìn ín sínú àgbàdo: ẹ gbin àgbàdo yín nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ìlà kan sí èkejì, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, kí igi kan sí èkejì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ ro ó bó ṣe yẹ. Nígbà tí àgbàdo bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì gbin mùkúnà sáàárín ìlà lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Irúgbìn méjì nínú ihò kan, kí ihò kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Bíi kílò 20 ló máa tó éékà kan. Ẹ má gbìn ín ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Mùkúnà lágbára, á gun àgbàdo kékeré, á sì wọ́ ọ lulẹ̀.

Tí àkókò àti kó àgbàdo bá tó, mùkúnà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ igi rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ àgbàdo, ẹ tẹ igi rẹ̀ lulẹ̀ fún mùkúnà, ẹ sì fi oko náà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá fi máa wọlé ní oṣù kẹjọ, tí òjò dá díẹ̀, mùkúnà ti ń padé láàárín ìlà. Òjò oṣù kẹsàn-án ló máa gbé e dé ibi gbogbo.

Lórí ilẹ̀ ẹ̀kan tí kò sí àgbàdo, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí i díẹ̀. Ẹ ṣán ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ dúró kí ewé tuntun yọ tó bí ìka ọwọ́, ẹ tún ṣán an, kí ẹ tó gbin mùkúnà ní sẹ̀ǹtímítà 80 láàárín ìlà, 40 láàárín ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ tún wọ inú rẹ̀, ẹ fi àdá bẹ́ gbogbo ẹ̀kan tó ga ju mùkúnà lọ. Bí ẹ bá fo èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀kan á ga jù ú, òjìji tí a ń wá kò sì ní sí. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé mùkúnà ò ṣiṣẹ́.

Mùkúnà á gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ewé rẹ̀ á sì nípọn lórí ilẹ̀. Ẹ ki àdá bọ abẹ́ ewé gbígbẹ náà, kí ẹ gbé e sókè. Nínú ọyẹ́ tí ilẹ̀ oko tó kù ti sán, ẹ ó rí i pé yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú, ó tutù díẹ̀, ìgbẹ́ ekòló sì kún orí rẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó ní ibi bíi márùn-ún, kí ẹ yọ gbòǹgbò ẹ̀kan jáde. Ẹ fi ìka ṣẹ́ ẹ. Èyí tó yè funfun, orí rẹ̀ mú, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ á dún pọ́, omi díẹ̀ á sì jáde. Èyí tó kú ti di àwọ̀ ilẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, á rún sí yín lọ́wọ́. Tí èyí tó yè bá ṣì pọ̀ nínú ihò tí ẹ gbẹ́, ẹ tún gbin mùkúnà síbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti jókòó sí pẹ́ kì í sábà jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọdún kan. Tí èyí tó kú bá ti pọ̀ jù, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ yín.

Nígbà tí òjò bá dé, ẹ má tún ilẹ̀ yìí ro, ẹ má sì fi tirakitọ̀ yí i. Ewé gbígbẹ yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró kó má dé ara èso koríko. Fún àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, ẹ kàn fi àdá tú ewé náà níbi tí ẹ máa gbìn sí. Fún iṣu, ebè la gbọ́dọ̀ kọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọ́ ewé náà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ ebè, kí ẹ wá dá a padà sórí ebè kó bo iṣu lọ́wọ́ oòrùn.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ sí mi ni pé a ò jẹ mùkúnà, kí ló dé tí màá fi ilẹ̀ fún un? Àgbàdo àkọ́rọ̀ ti kúrò kí ó tó gba ilẹ̀. Àrọ̀kúrò kan la fi sílẹ̀, lórí ìdá mẹ́rin oko. Ẹ fi iye tí ẹ máa rí nínú àrọ̀kúrò yẹn wé owó ìro oko ẹlẹ́kan fún ọdún méjì, kí ẹ ka iṣẹ́ tí gbòǹgbò mùkúnà ń ṣe fún ilẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ fa igi mùkúnà kan tu nígbà tó bá ń tanná: ẹ ó rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò. Tí ẹ bá là á, tí inú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀, ó ń mú nitrogen láti inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀, ohun kan náà tí ẹ ń ra yúríà nítorí rẹ̀.

Àwọn tí a ń jẹ

Ègúsí bàrà, èyí tó ń rá nílẹ̀, ni mo fi ń bo ebè iṣu. Ègúsí ìtóò ń gùn ni, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ gbìn ín lọ́sẹ̀ kan náà tí iṣu wọlé tàbí ní kété tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, irúgbìn méjì sí mẹ́ta nínú ihò, kí ihò sún mọ́ ara wọn tó mítà kan. Tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè so dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní bo ilẹ̀ tó. Ẹ ro oko lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ègúsí bá ní bí ewé mẹ́rin, ẹ má tún wọ inú rẹ̀ mọ́. Ó máa gbẹ ní nǹkan bí oṣù keje, ìgbà yẹn sì ni koríko á fẹ́ yọjú. Ewé iṣu á ti fẹ̀ tó láti gba ìyókù.

Fún ẹ̀wà àrọ̀kúrò, ẹ mú irú tó ń rá tí koríko bá ni ìṣòro yín jù. Tó bá jẹ́ irú tó dúró ṣánṣán lẹ ní, ẹ sún un mọ́ ara wọn, kí ìlà má ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ẹ gbìn ín kí oṣù kẹsàn-án tó jìnnà, kí òjò má baà dá kó tó so.

Ànàmọ́ dára fún etí oko àti ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀. Òtìlí ni mo gbìn sí ààlà, torí ó ń pẹ́, mo sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ sáàárín ẹ̀gẹ́.

Níbi tí ewé Akíntọ́lá bá ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀kan, ẹ má kánjú sun ún níná. Ó ti ṣíji bo ẹ̀kan náà fún yín. Ẹ ṣán an kí ó tó tanná, ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbìn sínú rẹ̀.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́

Iná ni àkọ́kọ́. Ewé mùkúnà gbígbẹ nínú ọyẹ́, ìṣáná kan ló ń fẹ́, àwọn ọlọ́dẹ àti darandaran sì ń sun igbó lásìkò náà. Kí oṣù kejìlá tó parí, ẹ ṣán etí oko yíká ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ gbá a títí yẹ̀pẹ̀ lásán fi hàn. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ pààlà pẹ̀lú, kí ẹ sì jọ ṣe é tí wọ́n bá gbà.

Tí ẹ bá ń fín oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní atrazine sí àgbàdo, ẹ rántí pé ó máa ń kù nínú ilẹ̀, ó sì lè pa ẹ̀wà, mùkúnà tàbí ègúsí tí ẹ bá gbìn tẹ̀ lé e. Ní apá tí irúgbìn abolẹ̀ máa wọ̀, ọkọ́ ni kí ẹ lò.

Ejò fẹ́ràn abẹ́ mùkúnà. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ máa fi igi lu iwájú yín bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ má sì rán ọmọdé wọ inú rẹ̀.

Ẹ má sì fi irúgbìn mùkúnà ṣe oúnjẹ bí ẹ ṣe ń ṣe ẹ̀wà, ẹ má fi tútù bọ́ adìyẹ tàbí ewúrẹ́. Ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní L-dopa, tó lè mú èébì àti òòyì wá. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé, torí irúgbìn náà dára lójú, àlejò lè bù ú sínú ìkòkò.

Ẹ ká èpo tó gbẹ kó tó là, bí ìparí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní. Ẹ sá a dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ tí ìdérí rẹ̀ le kí kòkòrò má bà á jẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ìdá mẹ́rin éékà tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ á fún yín ní irúgbìn tó máa tó gbogbo éékà náà, èyí tó bá sì kù, ẹ bù ú fún aládùúgbò tí ẹ̀kan oko rẹ̀ ń yọ́ gba abẹ́ ààlà wọ tiyín.